Sístà Tó Bá Gbogbo Ìlú Yan Odì

Obìnrin kan wà tó fi gbogbo ayé rẹ̀ fún Ọlọ́run. Ọlọ́run kò bá a jà. Ará ìlú ló ní ẹjọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Sístà ni, ará Póláńdì, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Nọ́ọ̀sì ni pẹ̀lú. Àwọn ọ̀gá ìjọ rẹ̀ rán an wá sí ìlú kékeré kan lórí òkè nílẹ̀ Èkìtì, kó wá jẹ́ olórí ilé àwọn sístà mẹ́rin: òun fúnra rẹ̀, ọ̀kan láti Íńdíà, ọ̀kan láti Kẹ́ńyà, àti èyí tó kéré jù, ọmọ Yorùbá, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Sístà Àgbà ni wọ́n ń pe olórí náà. Ìrẹ́pọ̀ wà láàárín wọn. Ní ọjọ́rú, tí ọmọ Íńdíà bá dáná, ata máa ń mú kí omijé dà lójú gbogbo wọn nídìí oúnjẹ, kò sì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ilé náà ní òfin kan tó ti pẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Bí wọ́n bá ti parí àdúrà alẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ títí aago mẹ́jọ òwúrọ̀, tí wọ́n bá jókòó ti oúnjẹ. Àkókò Ọlọ́run nìyẹn. Òfin rere ni. Èmi kò bá a rojọ́. Ṣùgbọ́n aago mẹ́fà ààbọ̀ ni Sístà Àgbà ń ṣí ilé ìtọ́jú, nítorí pé àwọn àgbẹ̀ fẹ́ gba oògùn kí wọ́n tó lọ sóko. Fún wákàtí kan ààbọ̀, yóò máa di egbò, yóò máa gún wọn lábẹ́rẹ́, kò ní sọ̀rọ̀, kò sì ní gbójú sókè. Níbi tó ti wá, lórí òkè kan ní Yúróòpù, ẹni mímọ́ ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ní Èkìtì, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́. Ẹni tí o bá kí láàárọ̀ tí kò dáhùn, ọ̀rọ̀ wà láàárín yín.

Wọ́n kí i lọ́jọ́ kìíní, kò dáhùn. Wọ́n ní bóyá kò gbọ́ Yorùbá ni. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kí i, kò dáhùn. Wọ́n ní bóyá kò lè sọ̀rọ̀ rárá ni. Àfi bí tíṣà kan ṣe lọ síbẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, tó bọ̀ wá sọ pé obìnrin náà kí òun ní “ẹ káàárọ̀” kedere, ó tún béèrè aya àtọmọ. Ìyẹn ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó lè sọ̀rọ̀, ó gbọ́ Yorùbá. Àwọn àgbẹ̀ ni kò fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Bàbá kan wà láàárín wọn tó ní egbò lẹ́sẹ̀, tó ń wá lójoojúmọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó dá sístà kékeré dúró lọ́nà.

“Ọmọ mi, kí ni mo fi ṣẹ màmá yìí?”

“Ẹ ò ṣẹ̀ wọ́n o, bàbá. Àdúrà ni wọ́n ń gbà.”

“Níbi tí wọ́n ti ń gún mi lábẹ́rẹ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ọlọ́run tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ yẹn, kò lè dúró díẹ̀ kí wọ́n dá mi lóhùn? Ṣé òun náà ń kánjú lọ sóko ni?”

Sístà kékeré rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó yẹ kó sọ ọ́ nílé. Kò sọ ọ́. Ó ní ọmọdé kì í kọ́ àgbà níwà, pàápàá àgbà tó ti wà nínú ẹ̀jẹ́ fún ọdún márùndínláàádọ́ta. Òótọ́ ni. Òótọ́ mìíràn ni pé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Sístà Àgbà bá a wí pé ẹ̀rín rẹ̀ ti pariwo jù fún ilé Ọlọ́run. Sístà kékeré panu mọ́, ó sì pè é ní ìgbọràn.

Ní oṣù kẹta tí Sístà Àgbà dé, àwọn àgbà ìlú ní kí àwọn kúkú lọ tọrọ àforíjì, bí ẹ̀ṣẹ̀ náà kò tilẹ̀ yé àwọn. Ọ̀rọ̀ pàtàkì, ìdájí la ń lọ sọ ọ́, kí ẹni tí a ń wá tó jáde. Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ni wọ́n dé pẹ̀lú iṣu mẹ́fà àti àkùkọ kan. Wọ́n dọ̀bálẹ̀. Ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ jù nínú wọn bẹ̀ ẹ́ títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Sístà Àgbà, tí Yorùbá rẹ̀ kò tíì kọjá ìkíni, rò pé ẹ̀bùn ni. Ó tẹrí ba, ó gba iṣu, ó gba àkùkọ, ó wọlé.

“Ó gba àkùkọ, kò gba ẹ̀bẹ̀,” ni wọ́n ń wí bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ.

Sístà kékeré wà lójú fèrèsé, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó di aago mẹ́jọ, ó jókòó ti oúnjẹ, ó ní búrẹ́dì náà dùn.

Láti ọjọ́ yẹn ni ilé ìtọ́jú ti ń ṣófo. Ní oṣù kẹwàá, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá lókè òkun. Ẹnì kan ń bọ̀ wá wo ilé náà. Bí aláìsàn kò bá ń wá, wọn yóò dá Sístà Àgbà padà sí ilé àwọn arúgbó ní Póláńdì. Sístà Àgbà kò fẹ́ lọ. Ó ti fi igi máńgòrò kan hàn àwọn sístà yòókù lẹ́yìn ilé, pé abẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n sin òun sí. Ó sunkún lọ́jọ́ náà, kì í sì í ṣe ọjọ́rú.

Ó wá ṣe ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án kí àwọn aláìsàn lè padà wá, ó sì fi ààwẹ̀ ọ̀rọ̀ kún un: dípò aago mẹ́jọ, òun kò ní lanu sọ̀rọ̀ títí aago méjìlá ọ̀sán. Ní ọjọ́ kẹta àdúrà, èèyàn méjì ló wá. Ọ̀kan nínú wọn ń béèrè ọ̀nà.

Ní ọjọ́ kẹrin, sístà kékeré pàdé bàbá elégbò lọ́nà oko. Kó tó rí i ló ti gbọ́ òórùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ha, bàbá, ẹsẹ̀ yìí! Kí ló dé tí ẹ ò wá mọ́?”

“Kí n wá bá ta ni? Ẹni tó bá mi yan odì, kó mú abẹ́rẹ́ dání, kí n wá kọ ẹ̀yìn sí i? Ọmọ mi, mo darúgbó ni, n kò ya wèrè.”

“Wọn ò bá yín jà, bàbá.”

“Ọmọ wa ni ọ́, o sì wà nínú ilé. Bí kò bá sí ìjà, o ò bá ti bá wa yanjú ẹ̀.”

Ní ìdájí ọjọ́ karùn-ún, sístà kékeré kò dúró de aago kankan. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣápẹ́ẹ̀lì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Sístà Àgbà fi ìka lé ètè. Kò dúró. Ó sọ ti ìkíni, ó sọ ti tíṣà, ó sọ ti àkùkọ, ó sọ ti egbò tó ń rùn.

Sístà Àgbà jókòó sórí àtẹ̀gùn.

“Mo jẹ àkùkọ yẹn,” ló kọ́kọ́ sọ. “Mo tún bu ẹran sí i.” Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé, “Ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Láti oṣù kìíní, mà.”

“Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

“Àgbà ni yín, mà.”

“Mo mọ̀ pé àgbà ni mí. Orúnkún mi ń sọ fún mi lójoojúmọ́. Ohun tí n kò mọ̀ ló yẹ kí o sọ.”

Ó dìde, ó gbé àpótí oògùn, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé bàbá elégbò. Gbogbo ẹni tó pàdé lọ́nà ló kí, àti ewúrẹ́ méjì. Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, bàbá.”

Bàbá wò ó, kò dáhùn.

“Ẹ káàárọ̀ o, bàbá.”

Bàbá yíjú sí òkè, bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò yóò rọ̀. Sístà Àgbà fi aṣọ funfun kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀, ó kí i lẹ́ẹ̀kẹta.

“Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni?” ni bàbá wí, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí i.

Egbò náà jinná, ṣùgbọ́n ó mú ìka ẹsẹ̀ méjì lọ. Àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kejì ni àlejò òkè òkun dé. Ó bá èèyàn méjìdínlógún lórí ìjókòó, ó ní ó dára. Ó béèrè bí oṣù mẹ́wàá tó kọjá ṣe rí, ó ní kò dára. Wọn kò ti ilé náà pa, ṣùgbọ́n wọ́n mú Sístà Àgbà lọ.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, ìlú ti tò sójú ọ̀nà láti ìdájí. Ó gbà á ní wákàtí kan gbáko láti dáhùn ìkíni wọn. Kò fo ẹnì kan. Sístà kékeré ló kàn kẹ́yìn. Sístà Àgbà dì mọ́ ọn, kò bá a wí rárá. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Ìwọ tó ń gbọ́ mi yìí, má wulẹ̀ ro ẹjọ́ Sístà Àgbà. Kò mọ̀, wọ́n sọ fún un, ó sì dìde lójú ẹsẹ̀. Ìwọ ni mò ń wò. Àgbà kan wà lọ́dọ̀ rẹ, nínú ìjọ, níbi iṣẹ́, tàbí nínú yàrá rẹ gan-an, tó ń ṣe ohun tó ń lé èèyàn sá, tó sì rò pé ìwà rere ni. Gbogbo ará ìta ló mọ̀. Ìwọ náà mọ̀, ìwọ lo sì wà nínú ilé. O ní ipò rẹ kò tó o. O ní kí Ọlọ́run fi hàn án. Ìwọ ni Ọlọ́run fi hàn, ó sì mú ọ jókòó tì í nídìí oúnjẹ. Kí lo tún fẹ́ kó ṣe? Kúnlẹ̀ bí o bá fẹ́, pè é ní sà, pè é ní mà, ṣùgbọ́n sọ ọ́ lónìí, nígbà tó ṣì lè rí nǹkan ṣe sí i. Ọ̀wọ̀ lo pe ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ. Ẹni tí o ń bọ̀wọ̀ fún ló ń jẹ ìyà rẹ̀.