Bí Ọmọ Ìgbín Ṣe Kó Ẹ̀kọ Aláró Lọ

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ iná. Ẹni tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, kó sún sẹ́yìn díẹ̀, iná ń ta. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àlọ́ mi gbéra, ó rọra ń wọ́ bọ̀, ó wọ́ títí, ó dúró lórí Ìgbín àti ìyàwó rẹ̀, lórí ọmọ wọn obìnrin tó ń jẹ́ Abíọ́nà, àti lórí Agbe aláró.

Láyé ọjọ́un, ẹsẹ̀ Ìgbín gbẹ bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Bó bá kọjá, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ó kọjá.

Ará ọ̀nà ni Ìgbín àti ìdílé rẹ̀. Ibi tí òjò bá ń rọ̀ sí ni wọ́n ń lọ. Bí òjò ibẹ̀ bá dá, wọ́n á tún gbéra. Kálukú ló ru ilé tirẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé èrò, èrò á ní, "Ará ibo ni yín?"

Bàbá Ìgbín á ní, "Ará ibi tí ẹ ti bá wa yìí."

"Ibo lẹ wá ń lọ?"

"Iwájú."

Ọ̀rọ̀ á tán.

Bí wọ́n bá fẹ́ gbéra, Ìyá á kọrin kó àwọn ọmọ jọ. Ẹ bá mi gbè é. Ẹ máa wí pé, Ilé ti gbéra.

Abíọ́nà o,
*Ilé ti gbéra.*
Òjò ti ṣú níwájú o,
*Ilé ti gbéra.*
Má jókòó, má sọnù mọ́ mi lọ́wọ́,
*Ilé ti gbéra.*

Gbogbo ọmọ á jáde lábẹ́ ewé. Abíọ́nà ló máa ń kẹ́yìn.

Abíọ́nà yìí kì í ṣe ọmọdé mọ́, kò sì tíì dàgbà. Ó ti tó ọmọ tó jẹ́ pé bí a bá pè é, á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ kó tó dáhùn. Kò sí ohun tó wù ú láyé bíi kó máa ya nǹkan. Ó ní ìyẹ́ adìyẹ kan tó he lójú ọ̀nà. Ẹnu ló fi ń dì í mú, òun ló fi ń ya nǹkan.

Wọ́n dé abẹ́ ewé kókò, wọ́n sọ̀. Abíọ́nà ti ìyẹ́ bọ ẹrẹ̀. Ó ya aláǹgbá sára ewé. Ó ya òṣùpá. Kó tó ya ìràwọ̀, Ìyá ti bẹ̀rẹ̀ orin. Wọ́n gbéra. Òjò rọ̀, ó fọ ewé náà mọ́.

"Màmá, òjò ti fọ̀ ọ́ dànù."

"Òjò yẹn náà la ń tẹ̀ lé kiri. Ṣé kí n bá a jà ni? Ṣé o ti jẹun?"

Wọ́n dé ẹ̀yìn ahéré kan, wọ́n sọ̀. Abíọ́nà ti ìyẹ́ bọ èédú tó ti di omi. Ó ya igi ọ̀pẹ sára ògiri. Ó ya ẹni tó ń gun ọ̀pẹ. Kó tó ya igbà tí ẹni náà fẹ́ fi gùn ún, Ìyá ti bẹ̀rẹ̀ orin. Wọ́n gbéra. Abíọ́nà ń wẹ̀yìn títí ọrùn fi ń dùn ún.

"Bàbá, ṣé a ó tún padà síbẹ̀?"

"A ó padà."

"Nígbà wo?"

"Bí a bá yí ayé po tán."

Abíọ́nà wo bí bàbá rẹ̀ ṣe ń rìn.

Wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé Agbe. Agbe ni aláró gbogbo ẹyẹ. Aró ti wọ̀ ọ́ lára, kò ṣeé fọ̀ kúrò mọ́. Wọ́n bá a tó tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀. Ó ro ẹ̀kọ láfún sínú ìkòkò kékeré kan, ó ń fi ẹ̀kọ náà ya ọnà sára aṣọ. Ó sá a sóòrùn. Ẹ̀kọ gbẹ. Ó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ wà, aró ò mú un. Ó fún un, ó fọ̀ ọ́, gbogbo ohun tó yà yọ ní funfun.

Ẹnu Abíọ́nà là sílẹ̀. Ìyẹ́ bọ́.

Agbe yà sétí igbó lọ já ewé ẹlú tó fi ń po aró. Abíọ́nà he ìyẹ́ rẹ̀, ó tì í bọ ẹ̀kọ, ó ya nǹkan sí etí aṣọ mìíràn. Agbe dé.

"Ta ló fọwọ́ kan aṣọ mi?"

"Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Agbe fi ojú ọ̀tún wò ó. Ó fi ojú òsì wò ó. "Kí lèyí?"

"Màmá mi ni, mà."

"Kí ló gbé rù?"

"Ilé wa ni."

"Hùn-ún. Ó kúkú jọ ilé." Agbe rì í sínú aró. Ìyá Ìgbín yọ ní funfun, tòun ti ilé lẹ́yìn. Agbe ní, "Wá máa gbé ọ̀dọ̀ mi. Màá kọ́ ẹ níṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń bọ̀ yìí, ìgbà iṣẹ́ wa nìyẹn. Láìsí oòrùn, ẹ̀kọ ò lè gbẹ lára aṣọ."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyẹn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, inú igbó dúdú ni àwọn Ìgbín ń lọ. Wọ́n á wọ abẹ́ ewé, wọ́n á fi ilẹ̀kùn funfun ti ilé wọn pa, wọ́n á sùn títí òjò yóò fi rọ̀. Ìgbín tí kò bá ti ilẹ̀kùn, ọyẹ́ á gbẹ ẹ́ pa.

Agbe lọ bá Ìyá. "Ìyá Abíọ́nà, ọwọ́ ọmọ yín dáa púpọ̀."

"Ìgbín ò lọ́wọ́, ìyá aláró."

"Ẹ yé mi jàre. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

"Oòrùn ńkọ́?"

"Ìbòòji ìkòkò aró ni màá fi í sí."

"Eérú tó kún àgbàlá yín yìí ńkọ́? Ìgbín tó bá wọ inú eérú ò ní jáde."

"Màá gbá a."

"Tó bá gbàgbé tó sùn láì ti ilẹ̀kùn ńkọ́?"

"Ìyá Abíọ́nà, èmi náà bímọ."

"Mo mọ̀ pé ẹ bímọ. Ọmọ tiyín lè fò."

Bàbá Ìgbín ní, "Ẹ bi ọmọ fúnra rẹ̀. Abíọ́nà, ṣé wàá dúró?"

Abíọ́nà wo ìyá rẹ̀. Ó wo ìkòkò ẹ̀kọ. Ó mí kanlẹ̀. "Màá dúró, Bàbá."

"Kò burú. Ilé rẹ ṣáà wà lẹ́yìn rẹ."

Wọ́n lọ. Ìyá kọ orin náà títí ohùn rẹ̀ fi wọ igbó. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò pe Abíọ́nà nínú rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Abíọ́nà ń ya aṣọ. Ó ya ẹja, ó ya àdán, ó ya ọ̀nà tó lọ tí kò dé ibì kankan. Àwọn ẹyẹ ń gba aṣọ náà lọ́wọ́ ara wọn. Agbe gbá eérú, ọyẹ́ gbé e padà wá. Abíọ́nà ò lè jáde ní ìbòòji ìkòkò mọ́. Eérú yí i ká.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó gbójú sókè. Ìyá rẹ̀ ló rí ní òdìkejì eérú.

"Màmá! Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo ní kí n wò ó bóyá o ti jẹun."

"Mo ti jẹun."

Ìyá lọ. Kò pẹ́, ó tún dé. "Mo gbàgbé láti sọ fún ẹ pé kí o má sùn sójú afẹ́fẹ́."

"Ẹ ti sọ ọ́ fún mi, Màmá."

Ìyá lọ. Ó tún dé nígbà kẹta, lálẹ́, Agbe ti sùn. Ara rẹ̀ ti fún jọ. Etí ìkarahun rẹ̀ ti ń ṣí.

Abíọ́nà ní, "Màmá, ẹ ò tíì ti ilẹ̀kùn yín?"

"Mo fẹ́ tì í. Bí mo bá ti fẹ́ tì í, màá rántí pé ẹnì kan ṣì wà lóde."

Abíọ́nà wo aṣọ tó wà níwájú rẹ̀. Òun ló tóbi jù nínú gbogbo èyí tó ti yà. Ó ku apá kan. Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá fẹ́ yí padà, kò lè yí.

Abíọ́nà ju ìyẹ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò lè fi ẹ̀kọ sílẹ̀. Kò lè gbé ìkòkò, ilé ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó bá gun ìkòkò ẹ̀kọ, ó bọ́ sínú rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fa gbogbo ẹ̀kọ náà mu. Ó ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó jáde, ó tẹ eérú. Eérú fẹ́ jó o, ẹ̀kọ kò gbà fún un. Ó ń yọ̀ lórí ẹ̀kọ, ó ń lọ. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó da ẹ̀kọ síwájú Ìyá kí ilẹ̀ lè tutù fún un. Ìyá tẹ̀ ẹ́, ó ń yọ̀ bọ̀ lẹ́yìn ọmọ.

Wọ́n dé igbó dúdú. Abíọ́nà wọ abẹ́ ewé, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyá dúró títí ilẹ̀kùn náà fi funfun tán. Ìgbà náà ló tó ti tirẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, Agbe jí. Kò rí ọmọ iṣẹ́. Kò rí ẹ̀kọ. Ó rí ìlà funfun kan tó ń dán láti ẹnu ìkòkò, tó kọjá lórí eérú, tó gun gbòǹgbò, tó bọ́ sórí òkúta. Ìlà náà ò lọ tààrà. Ó ká, ó tún tú. Ó yí òkúta po láìnídìí. Agbe tọ̀ ọ́ lọ títí ó fi dé abẹ́ ewé. Ó fi ẹnu kan ilẹ̀kùn.

"Abíọ́nà! Ẹ̀kọ mi dà?"

"Mo ti rìn ín mọ́lẹ̀, mà."

"Olè ni ẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Agbe bojú wẹ̀yìn. Ó wo ìlà náà lórí òkúta. Ó fi ojú ọ̀tún wò ó, ó fi ojú òsì wò ó. Ó wá ní,

"Máa lò ó. Kò ní tán lẹ́sẹ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe tọ̀ ọ́ dé ibí, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tó bá ń wá ẹ yóò ṣe máa tọ̀ ọ́. Mi ò lè yọ ìyẹn kúrò níbẹ̀."

"Mo gbọ́, mà."

Agbe padà sílé. Aṣọ tí kò parí náà, ó rì í sínú aró bẹ́ẹ̀.

Òjò rọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Abíọ́nà fi ẹ̀kọ pa àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó pa ìyá àti bàbá lẹ́sẹ̀. Wọ́n gbéra. Ìyá fẹ́ kọrin, ó wolẹ̀, ó rí ìlà ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó sọnù, ó sì pa ẹnu dé.

Àwọn èèyàn tó ń ṣa ìgbín pẹ̀lú ti kọ́ láti máa wolẹ̀ tọ ìlà náà.

Ìdí nìyẹn tí Ìgbín fi ń ya ilẹ̀ bó ti ń lọ. Ìdí nìyẹn tí ìlà rẹ̀ kì í fi í lọ tààrà. Ìdí nìyẹn tí a kì í gbọ́ ohùn Ìgbín mọ́.

Ibi tí àlọ́ mi wọ́ dé nìyí, ó ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó jáde láàárọ̀ lẹ́yìn òjò kó lọ wo ìlà náà. Á rí ibi tí Ìgbín ti dúró rò ó, kó tó yà.