Àmì Orí Agbọ̀n Ẹfúnyẹmí Olóbì

Ìwọ tí o fẹ́ ka ìtàn yìí, mo bẹ̀ ọ́, ṣọ́ra. Bí o bá dé Ìyànà-Ọdán, má ṣe déédéé pa òwe tí mo fẹ́ sọ yìí lójú àwọn ọmọ ilé Olóbì. Bí o bá pa á láìmọ ìdí rẹ̀, wọn yóò ní ìyá ńlá àwọn lo ń bú. Mo ti rí àlejò kan tí wọ́n torí ẹ̀ dá dúró láàárín ọjà, tó ń tọrọ àforíjì ohun tí kò mọ̀. Èmi gan-an, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kí n tó mú gègé ìkọ̀wé.

Òwe náà nìyí: Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ṣé ẹ mọ agbọ̀n tí wọ́n ń sọ? Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ náà, àti ohun tó yẹ kó wà nínú agbọ̀n? Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ìyá tó bí ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi, òun sì wà níbẹ̀, ewé ló ń tò sínú agbọ̀n nígbà náà. Bí ìlú mìíràn bá ní tiwọn, n kò bá wọn jà. Bí a ṣe gbọ́ ọ nílé wa ni n ó sọ ọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń kó obì lọ sí Òkè Ọya, Ẹfúnyẹmí ni olóbì tó lórúkọ jù ní Ìyànà-Ọdán. Obì gbànja ló ń tà. Wọn á bó obì, wọn á ṣà á, wọn á fi ewé tútù tẹ́ inú agbọ̀n, wọn á to obì sí i, wọn á tún fi ewé bò ó lórí, wọn á wá fi okùn dè é pinpin. Bó bá di ọjọ́ ọkọ̀, agbọ̀n gbogbo olóbì ìlú á jọ wọ inú ọkọ̀ kan náà. Ní Kánò, Màlàámù Sánúsí ló ń gba ti Ẹfúnyẹmí. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti jọ ń ṣe é, kò sì sí ìjà.

Ṣùgbọ́n agbọ̀n jọ agbọ̀n. Ibẹ̀ ni wàhálà gbà wọlé.

Ní ọdún kan, Màlàámù fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá. Wọ́n gbé àpótí fún un, kò jókòó. Ó tú aṣọ kan sílẹ̀ níwájú Ẹfúnyẹmí. Obì tí kòkòrò ti lu bí ajere ló wà nínú rẹ̀.

"Màmá," ó ní, "ẹ wo ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi."

"Èmi kọ́! Màlàámù, ọwọ́ mi kọ́ ló ṣa èyí. Ẹnìkan ló ti agbọ̀n tirẹ̀ mọ́ tèmi."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n aláàárù sọ ọ́ kalẹ̀, ó ní tiyín ni. Kí ni n ó fi mọ̀? Àwọn tó ń rà lọ́wọ́ mi ti ń sọ ọ́ kiri pé kòkòrò ni Sánúsí ń tà." Ó ká aṣọ rẹ̀. "Ọjà tó ń bọ̀ yìí ni n ó fi wò ó. Bí mo bá tún rí kòkòrò, n ó wá olóbì mìíràn. Ẹ má bínú sí mi."

Ó tó ọgbọ̀n ènìyàn tó ń jẹun ní àgbàlá Ẹfúnyẹmí. Ìyá ìyá mi ní nígbà tí Màlàámù jáde, kò sẹ́ni tó lè tẹ̀ síwájú nínú ohun tó ń ṣe. Obì wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò bó o.

Ọkùnrin kan wà nílùú nígbà náà, Ọ̀nàyẹmí lorúkọ rẹ̀. Igbá ló ń fín. Ẹni tó bá fẹ́ àmì sára ohun-ìní rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní lógò lónìí, tí àwọn ọmọ ìwòyí ń fi kọ̀ǹpútà yà, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀bẹ gbígbóná àti ojú rẹ̀ ló fi ń ṣe é. Wọ́n ní kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á kàn máa wò ọ́ títí ara á fi máa yá ọ láti bọ́ sílé.

Ẹfúnyẹmí ní tirẹ̀... ẹ̀yin ọmọ rẹ̀, ẹ forí jì mí. Ìyá yín fẹ́ràn ọ̀rọ̀.

Ó kó mẹ́ta nínú àwọn tó ń bá a to ewé lẹ́yìn, ìyá ìyá mi jẹ́ ọ̀kan, ó di iwájú ilé Ọ̀nàyẹmí. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀nàyẹmí, àmì ni mo fẹ́ sórí agbọ̀n mi. Kọ orúkọ mi sí i. Kọ ti bàbá mi sí i, kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ ilé ire ni mí. Ya igi obì. Ya adé lé igi yẹn lórí, nítorí ilé ọba ni wọ́n ti fẹ́ ìyá bàbá mi. Ya èmi náà pẹ̀lú gèlè mi, kí gèlè yẹn sì ga díẹ̀. Kọ ọ́ pé obì mi kì í ní kòkòrò. Kọ ọ́ pé kí olè tó ń ṣe é jáwọ́, Ọlọ́run ń wò ó."

Ọ̀nàyẹmí fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó dìde, ó gbé agbọ̀n òfìfo kan wá síwájú Ẹfúnyẹmí, ó padà lọ jókòó. Ẹfúnyẹmí kò tilẹ̀ bèèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

"Ya ọkọ̀ ojú irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan," ó ní.

Ọ̀nàyẹmí dìde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú agbọ̀n, ó tún jókòó.

"Kí ọkọ̀ yẹn máa rú èéfín, o gbọ́?"

Ọ̀nàyẹmí tún dìde. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ agbọ̀n, ó fi ń tọ́ ọ kiri.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?"

"Mo ń wò ó bóyá ó ti ń kún ni, Ìyá Olóbì."

"Kí ló fẹ́ kún un?"

"Ọ̀rọ̀ tí ẹ ti ń dà sí i látàárọ̀ ni. Ó ti pọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí agbọ̀n ṣì ń hàn."

Àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá ìyá mi ní ẹ̀rù ló ba òun, kì í ṣe ẹ̀rín. Ẹfúnyẹmí dìde fùú.

"Èmi lò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, Ọ̀nàyẹmí? Ìwọ tí mo bá wọn jẹ ìkómọ rẹ!"

Ọ̀nàyẹmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má bínú. Aláàárù Kánò kò mọ ìwé wa. Kò mọ bàbá yín. Bó bá rí adé, á ní ọjà ọba ni. Agbọ̀n á wà lórí rẹ̀, òógùn á wà lójú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló lè wò ó. Ohun tí ojú ẹ̀ẹ̀kan lè gbé ni mo ń wá. Ẹ jẹ́ kí n wá wo bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ méjì péré. Ẹ má sì bá mi sọ nǹkan kan."

Ó wá lóòótọ́. Ó dojú odó dé, ó jókòó lé e. Bí wọ́n ṣe ń bó obì, ó ń wò. Bí wọ́n ṣe ń to ewé, ó ń wò. Ìyá ìyá mi ní ewé já bọ́ lọ́wọ́ òun nígbà mẹ́ta nítorí ojú ọkùnrin yẹn. Tó bá tó àkókò kan, á dìde, á lọ sí àgbàlá àwọn olóbì yòókù, á lọ wo tiwọn náà, á tún padà.

Lọ́jọ́ kejì, Ẹfúnyẹmí ń parí agbọ̀n kan. Ó mú obì kan, ó là á, ó tẹ́ awẹ́ méjèèjì síra wọn lórí gbogbo obì yòókù, inú wọn lókè. Ó wá fi ewé bò ó. Ó kan agbọ̀n kejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nàyẹmí dìde lórí odó.

"Ìyá, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Èwo?"

"Obì tí ẹ là yẹn."

"Hà! Ṣé gbogbo olóbì kọ́ ló ń ṣe é ni? Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ẹni tó bá tú agbọ̀n, inú obì ni kó kọ́kọ́ rí. Ẹ̀yìn obì máa ń parọ́."

"Mo ti dé àgbàlá márùn-ún nílùú yìí," ni Ọ̀nàyẹmí wí. "Ẹ̀yin nìkan ni."

Ẹfúnyẹmí ká ewé orí agbọ̀n náà, ó tún wo awẹ́ méjèèjì bí ẹni tí kò rí wọn rí.

Ọ̀nàyẹmí gé igbá sí róbótó róbótó, wọn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó fín awẹ́ obì méjì sí i, ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó sì fi ọ̀bẹ gbígbóná jó ojú ibi tó fín. Kò sí orúkọ. Kò sí adé, kò sí èéfín. Mo ti mú ọ̀kan dání rí. Mo di ojú mi, mo fi ìka tọ́ ọ, mo sì mọ̀ pé obì ni, inú rẹ̀ ló kọjú sí mi. Ìyanu ni. N kò mọ bí ènìyàn ṣe ń mú ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kúrò, tí èyí tó kù á wá sọ gbogbo rẹ̀.

Ẹfúnyẹmí yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ó tán nìyí? Gèlè mi ńkọ́?"

"Gèlè yín wà lórí yín, Ìyá. Ó sì yẹ yín gan-an."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. "Bí olè bá jí àmì yìí náà ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó jí i. Á lè jó o sára igbá. Obì tirẹ̀ ni kò ní lè là lé orí agbọ̀n."

Wọ́n ránṣẹ́ sí Màlàámù ṣáájú pé kó wo igbá, kó sì wo orí obì. Wọ́n so igbá kọ̀ọ̀kan mọ́ okùn agbọ̀n kọ̀ọ̀kan, agbọ̀n mẹ́wàá sì wọ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ kan bá ti fọn fèrè láti òkè wá, gbogbo wọn á dáwọ́ dúró, wọn á máa wo ẹnu ọ̀nà.

Màlàámù ló wọlé, kò ránṣẹ́. Ó gba àpótí, ó jókòó, ó kó àfọ́ igbá mẹ́rìnlá lé ilẹ̀. Awẹ́ obì méjì ló wà lára gbogbo wọn.

"Màmá, agbọ̀n mélòó lẹ fi ránṣẹ́?"

"Mẹ́wàá ni," ni Ẹfúnyẹmí wí.

"Mẹ́rìnlá ló dé. Mo pe àwọn tó ń rà lọ́wọ́ mi, mo tú gbogbo rẹ̀ lójú wọn. Mẹ́wàá ní obì lílà lórí, ó mọ́ rekete. Mẹ́rin kò ní. Mo mú ọ̀kan nínú ti mẹ́rin, mo là á fúnra mi. Kòkòrò ń rìn bọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn aláàárù pariwo ‘ti Màmá kọ́ nìyí!’ kí èmi tó sọ̀rọ̀." Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀. "N kò wá olóbì mìíràn mọ́."

Gbogbo àgbàlá hó. Wọ́n retí kí Ẹfúnyẹmí sọ tirẹ̀, wọ́n mọ̀ pé á gùn. Ó gbé agbọ̀n kan, ó to obì sí i fúnra rẹ̀ títí ó fi kún dẹ́nu, ó rù ú, kò jẹ́ kí ẹnìkan gbà á, ó gbé e kalẹ̀ fún Ọ̀nàyẹmí.

"Ọ̀nàyẹmí," ó ní, "ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n."

Ó yípadà, ó lọ sílé.

Láti ìgbà náà, bí àgbà bá rí ẹni tó ń ka ohun tó fẹ́ ṣe láìṣe é, tàbí ẹni tó ń fi ẹnu pọ́n ọjà tí kò jẹ́ kí a rí inú rẹ̀, tàbí tí ìpàdé bá gùn tí iṣẹ́ kò bẹ̀rẹ̀, òwe tí wọn á pa nìyẹn: Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Kì í ṣe èébú sí Ẹfúnyẹmí. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí n kò mọ̀. Mo bi ìyá ìyá mi pé ta ló ni agbọ̀n mẹ́rin yẹn. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wá wò mí. Ó mọ̀ ọ́n; mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. "Àwọn ọmọ wọn ṣì ń kí wa láràárọ̀," ó ní. Mo tún bi í. Ó fún ẹnu rẹ̀ pọ̀, kò sì sọ ohunkóhun mọ́.