Ìdí Tí Ẹ̀ga Fi Ń Hunlé Sórí Ọ̀pẹ

Nígbà láéláé, ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀ga kò mọ ilé kọ́. Inú ihò ìrókò Àgbìgbò ni gbogbo wọn ń gbé, wọ́n sì gbádùn ibẹ̀, kí a má purọ́. Ihò náà móoru nígbà ọyẹ́, òjò kì í kan ìyẹ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àárò rẹ̀ ṣì ń sọ àwọn arúgbó ẹ̀ga títí di òní.

Ṣùgbọ́n Àgbìgbò olórí gbẹ̀ǹgbẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí wọn yóò jí àti ohun tí wọn yóò jẹ. Òun náà ló ń sọ ọmọ wọn lórúkọ. Bí ọmọ bá ti pé ọjọ́ mẹ́jọ, Àgbìgbò a sọ ọ́ ní Tàgbìgbò. Bí ogún ọmọ bá wà nílẹ̀, Tàgbìgbò ni gbogbo wọn. Bí ìyá kan bá pe tirẹ̀ wá jẹun, ogún ẹnu ni yóò là sí i.

Ìyá Ẹ̀ga kan sàba, ó pa ọmọ kan ṣoṣo. Nígbà tí ọmọ náà pé ọjọ́ márùn-ún, ìyá rẹ̀ lọ kúnlẹ̀ níwájú Àgbìgbò.

“Bàbá, ejò ti gbé ẹyin mi mẹ́ta mì. Èyí nìkan ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ lórúkọ.”

Àgbìgbò kò bínú, ẹ̀rín ló rín. “Ọmọ mi, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé ta lò ń wò?”

“Ilé yín ni, Bàbá.”

“Ó parí nìyẹn.”

Òótọ́ ni Àgbìgbò sọ, ìyẹn gan-an ló dun ìyá náà jù. Ó fò lọ sórí ọ̀pẹ, ó ń fi ẹnu ya imọ̀ ní tín-ín-rín. Ilé tó kọ́kọ́ hun já bọ́. Afẹ́fẹ́ gbé ìkejì lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹnu tí a fi ń jẹun, ta ló ń fi kọ́lé? Ó tún ya imọ̀ mìíràn. Ìkẹta dúró, ó so rọ̀ létí imọ̀, ó dojú ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọ ilẹ̀ nítorí ejò. Ìyá náà sì gbé ọmọ rẹ̀ wọ inú rẹ̀.

Òjò rọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ. Ilé ń mì, òtútù ń mú wọn, ìyá náà sì rántí ihò ìrókò, ó sunkún. Síbẹ̀, ó fẹnu sí etí ọmọ rẹ̀.

“Ilésanmí,” ó wí.

Ó tún pè é sókè. Ẹnu kan péré ló dáhùn.

Àwọn ìyá inú ihò gbọ́ ọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń ya imọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Àgbìgbò ní kí wọ́n máa lọ, òjò yóò dá wọn padà. Òjò rọ̀ títí, kò rí ẹnì kan.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀ga ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ hun ilé tirẹ̀ sórí ọ̀pẹ. Láti ọjọ́ náà sì ni wọ́n ti ń pariwo láti àárọ̀ di alẹ́. Àwọn èèyàn ní ẹ̀ga ń rojọ́. Irọ́ ni. Ìyá kọ̀ọ̀kan ló ń pe ọmọ rẹ̀, ní orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́.