Kànga Inú Yàrá Efúnyẹmí

Ọjọ́ kẹtàlá tí ogun ti dó ti Agbélókè ni omi tán nínú ìlú. Orí àpáta ni ìlú náà wà; ìsàlẹ̀ ni odò kan ṣoṣo tó ní wà, àwọn ọmọ ogun Jagunlóyè sì ti pàgọ́ yí i ká. Wọn ò ta ọfà, wọn ò sun ilé. Wọ́n kàn jókòó sétí odò, wọ́n ń wẹ̀, wọ́n sì ń ké sókè pé, "Ẹ̀yin ará òkè, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá mumi! Okùn tí a ó fi dè yín ti wà nílẹ̀!" Ìrì orí ewé ni àwọn ìyá fi ń mú ètè ọmọ wọn tutù. Àwọn ìjòyè ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé kí ọba ṣí bodè.

Bí Arábìnrin Ọlátóún ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà fún wa nìyẹn ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Agbélókè. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Àràárọ̀ Sátidé ló máa ń mú àlejò káàkiri ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa mẹ́fà la tẹ̀ lé e. A ti rí apó ọfà, a ti rí ìlẹ̀kùn bodè àtijọ́, kó tó mú wa dé yàrá kékeré kan tí kànga wà láàárín rẹ̀.

Yàrá Efúnyẹmí nìyẹn, amọ̀kòkò bí ẹni mọ òṣùpá, opó tó na amọ̀ tí amọ̀ gbọ́ràn. Ọmọ kan ló bí, Àwẹ̀ró, tó kú nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku oṣù kan. Inú yàrá ni wọ́n sin ín sí, gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà náà. Orí ibojì náà ni ìyá rẹ̀ ń tẹ́ ẹní sí fún ọdún mẹ́jọ kí ogun tó dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbẹ́ ibojì náà, ilẹ̀ ń sun omi. Ẹ̀rù ba àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ ń sunkún, wọ́n sáré bò ó. Efúnyẹmí nìkan ló mọ̀. Ẹni tó ti fi ogójì ọdún wa amọ̀ kò lè pe omi ní ẹkún.

Bàbá kan láàárín wa ní, "Ó wá sáré lọ sọ fún ọba?"

"Rárá o, bàbá. Ó dákẹ́. Ọjọ́ méjì gbáko, tí òùngbẹ ń pa ìlú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé akọni kì í lọ́ra."

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ ọwọ́ alábàágbé rẹ̀ kò lè ké mọ́. Efúnyẹmí dìde, ó lọ sí ààfin, ó kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ má ṣí bodè. Omi ń bẹ lábẹ́ ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ọkọ́ kàn án. Èmi ni mo bí i, èmi ni n ó gbé e dìde. Tí mo bá jáde tán, kí ẹ wọlé."

Ọwọ́ tó fi ń mọ ìkòkò ló fi hú ilẹ̀ náà. Ó fi aṣọ ìyàwó tí Àwẹ̀ró kò rí wọ̀ di egungun rẹ̀, ó gbé e sínú èyí tó dára jù nínú ìkòkò rẹ̀, ó sì sin ín sábẹ́ igi ìyeyè lẹ́yìnkùlé. Àwọn agbẹ́lẹ̀ wọlé, wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ jìn sí i; oòrùn kò tíì wọ̀ tí omi fi yọ.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin fọṣọ, wọ́n sá a kún orí àpáta, wọ́n sì ń da omi sílẹ̀ sórí ọ̀tá. "Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀, odò yín mà kéré o! Ẹ gba tiwa kún un!" Oúnjẹ tán ní àgọ́ Jagunlóyè, kò pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ká àgọ́ lọ.

Ọba ní kí Efúnyẹmí béèrè ohun tó bá fẹ́. Nǹkan kan ló béèrè: kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ máa kọ́kọ́ mu nínú omi náà, kí ọba pàápàá máa dúró dè é.

Arábìnrin Ọlátóún fa omi, ó bù ú sínú igbá. "Ta ló sin èèyàn lọ́dún yìí nínú yín?"

Mo nawọ́ sókè. "Èmi ni, mà."

"Ta ni?"

"Ìyàwó mi. Morádéyọ̀."

Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé igbá náà lé mi lọ́wọ́. Omi náà tutù, ó ń run amọ̀. Àwọn márùn-ún yòókù dúró nínú ooru títí mo fi mu tèmi tán.