Okùn Kànga Ìyá Abíọ́nà

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn kànga wa ń gbẹ, ojú kan ṣoṣo sì ni ìjọba fẹ́ gbẹ́ kànga tuntun sí fún wa. Fadérera, ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà wá omi abẹ́ ilẹ̀, ní, “Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀rọ mi fẹ́ mọ bí omi ṣe ń fà lọ́dọọdún.”

Ìyá Abíọ́nà kó okùn kànga gbogbo àdúgbò wá. Lẹ́ẹ̀rùn ọdọọdún, a máa ń ta kókó kan sára okùn níbi tí omi bá fà dé.

Baálẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé okùn ni yóò kọ́ kọ̀ǹpútà níwèé?”

“Òun gan-an ni, Bàbá,” Fadérera dáhùn.

Ó wọn ibi tí àwọn kókó náà wà, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì ya àwòrán ọ̀nà omi abẹ́ ilẹ̀ dé ẹ̀yìn ilé ìwé. Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, omi tú yàà.

Fadérera kúnlẹ̀ fún Ìyá Abíọ́nà.

“Dìde, ọmọ mi, Ọlọ́run ló rán ọ. Ogún ọdún ni mo fi ta kókó, n kò gbọ́ ohun tí àwọn kókó náà ń wí.”