Àká Ìjàpá Tó Wà Nínú Àwọsánmà

Ẹ gbọ́ àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ń yí bọ̀ gbirigbiri. Ó yí kọjá iwájú ilé Erin, ó yí kọjá ihò Òkété, ó wá gúnlẹ̀ sórí ẹ̀yìn Ìjàpá, ọkọ Yánníbo.

Àwọn tó wà níbẹ̀ nìyí. Erin tó jẹ́ olórí wà níbẹ̀. Òkété tí Erin fi ṣe alábòójútó gbogbo àká wà níbẹ̀. Ìgalà wà níbẹ̀, Ẹdun wà níbẹ̀. Ẹtù abiyamọ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú igbá àgbàdo kan ṣoṣo, irúgbìn tó kù fún un láyé.

Òfin ìlú ni pé ẹni tó bá fẹ́ bá ẹlòmíràn tọ́jú nǹkan gbọ́dọ̀ ṣí àká rẹ̀ fún Òkété. Bí Òkété bá yẹ̀ ẹ́ wò tó rí i pé ó dára, yóò so màrìwò mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Ìjàpá tọ Ẹtù lọ.

"Ìyá Àrẹ̀mú, ṣé kòkòrò ò ní jẹ irúgbìn yín tán lórí àjà báyìí? Èmi ní àká kan nínú àwọsánmà. Ẹ gbé igbá kan wá, igbá mẹ́ta ló máa sọ̀ kalẹ̀ nígbà òjò."

"Màrìwò rẹ dà?"

"Màrìwò kẹ̀? Ta ló ń so màrìwò mọ́ àwọsánmà?"

Ìgalà ti kó tirẹ̀ fún un. Ẹdun náà ti kó tirẹ̀, ó tilẹ̀ ń fi òkúta pẹlẹbẹ tí Ìjàpá fi ṣe ẹ̀rí fún un yangàn kiri. Ẹtù rò ó, ó tún un rò. Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀. Ó gbé igbá náà lé Ìjàpá lọ́wọ́, ó gba òkúta tirẹ̀.

Òkété gbọ́, ó wá.

"Ìjàpá, ṣí àká rẹ kí n wò ó."

"Ilẹ̀ ni wọ́n ní kó o máa ṣọ́. Ojú ọ̀run ni tèmi wà. Òfin yín ò débẹ̀."

Òkété gba oríta lọ. Ó kéde níbẹ̀ pé Ìjàpá kò ní màrìwò, kí ẹnikẹ́ni má gbé nǹkan fún un mọ́. Ẹdun bú sẹ́rìn-ín. "Ìlara ń da Òkété láàmú!"

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ẹtù mú òkúta rẹ̀, ó lọ bá Ìjàpá.

"Ilẹ̀ ti rọ̀. Fún mi ní irúgbìn mi."

"Ẹ ní sùúrù, Ìyá Àrẹ̀mú. Àwọsánmà ti ṣú, ọ̀nà àká ti dí."

Ọjọ́ márùn-ún kọjá. Ẹtù sunkún lọ bá Erin. "Bí n ò bá gbìn ín lọ́sẹ̀ yìí, kí làwọn ọmọ mi máa jẹ?"

Erin pe gbogbo ẹranko jọ. Ìjàpá dé, ó ń rìn bí aláboyún oṣù mẹ́sàn-án.

"Kí ló mú ẹ̀yìn rẹ wúwo báyìí?" Òkété bi í.

"Òjò ló pa mí. Ara mi ò yá."

Òkété sún mọ́ ọn, ó kan igbá ẹ̀yìn rẹ̀: kó, kó, kó. Ìjàpá fa orí wọlé kíá. Bí wọ́n ti ń wò ó, ẹ̀yìn náà sán paa! Àgbàdo tó ti hù ń yọrí jáde níbi tó ti sán, pẹ̀lú ewé tútù wẹ́wẹ́.

"Àwọsánmà rèé o!" Ìgalà kígbe.

Abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ló kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ sí. Ó ti jẹ ti Ìgalà àti ti Ẹdun, tó jẹ́ oúnjẹ rírọ̀, tán. Ti Ẹtù ló ṣẹ́kù, torí irúgbìn gbígbẹ le, Ìjàpá kò sì léyín. Òjò láti inú àwọsánmà tó ń fi purọ́ ló mú un hù mọ́ ọn lára.

Ẹtù kó irúgbìn rẹ̀, ó sì gbìn ín lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹdun ju òkúta rẹ̀ sódò, kò lè wo ojú Òkété. Erin sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá pàdé Ìjàpá lè kan ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn ahun fi dà bí ohun tó fọ́ tí wọ́n tò pọ̀, tó sì fi jẹ́ pé bó bá ti gbúròó ẹsẹ̀, orí ló ń kọ́kọ́ fà wọlé.

Ibi tí àlọ́ mi yí dé nìyẹn. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí eyín mẹ́rin tó kù lẹ́nu mi ká.

Morádèún, ọmọ ọmọ mi, ìwọ tí àwọn kan ní kó o wá fi owó oṣù rẹ ra owó kírípítò tí a kì í fojú rí àfi lórí fóònù: kọ́kọ́ béèrè màrìwò, ìyẹn ìwé àṣẹ, tí ìjọba so fún wọn, kó o sì kan ẹ̀yìn wọn wò.