Ògiri Iwájú Àgbẹ̀dẹ Ògúnrìndé

Ohun tí ó gbé Ògúnrìndé alágbẹ̀dẹ dé ọ̀dọ̀ olórìṣà ni pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ kí ojú ènìyàn má wà lára rẹ̀. Oríta Òkè-Ààṣá ni àgbẹ̀dẹ ìdílé wọn wà. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, kò ní ògiri níwájú, kò sì ní ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó bá ń ti oko bọ̀ á yà síbẹ̀, á jókòó, á sì máa dá sí ohun tí kò kàn án. "Irin yẹn ò tíì pọ́n o." "Bàbá rẹ kì í lù ú báyẹn." Ògúnrìndé ń rọ ọkọ́ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í tètè kújú; ọdún mẹ́rin ni ó fi wá ọgbọ́n rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ àdúgbò kejì jókòó wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta péré, ó sì lọ ń rọ irú rẹ̀. Ẹ má bá Ògúnrìndé wí. Bí ó bá ṣe èmi ni, inú á bí mi ju tirẹ̀ lọ.

Ó wá pinnu pé òun yóò kọ́ àgbẹ̀dẹ tòun mọ́ ara ilé òun: ògiri mẹ́rin, ilẹ̀kùn kékeré kan, kí òun àti Àwẹ̀ró ìyàwó òun tí ń fín iná nìkan máa wà nínú rẹ̀. Ó fi okùn wọn ilẹ̀, ó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ó po amọ̀. Kí ó tó mọ ìpele kìíní, ó tọ Ìyá Efúntọ́lá lọ, arúgbó olórìṣà tí ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún, kí ó bá òun wò ó bóyá ilé náà yóò gbe òun.

Ìyá da owó ẹyọ sílẹ̀. Méje lajú sókè: odù Òdí ni. Ó wò ó pẹ́.

"Àgbẹ̀dẹ náà yóò ní iṣẹ́, yóò sì ní iyì," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n mo rí ikú lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ wọlé. Kí o rú ẹyẹlé méjì, epo pupa, àti ògiri iwájú."

"Ògiri kẹ̀, Ìyá?"

"Ògiri iwájú ni mo wí. Má mọ ọ́n. Ààyè rẹ̀ ni òrìṣà fẹ́ gbà."

Ògúnrìndé dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Ọjọ́ náà gan-an ni ó gbé ẹyẹlé àti epo wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ìdí amọ̀ rẹ̀, ó wí nínú ara rẹ̀ pé, "Wọ́n ti gba ẹyẹlé, wọ́n ti gba epo, kí ni wọ́n fẹ́ fi ògiri ṣe? Bí n kò bá mọ ti iwájú, kí wá ni mo kọ́?" Ó mọ ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ilé náà wuyì, n kò ní parọ́. Àwọn tí ń kọjá ń gbọ́ ìró òòlù, wọn kò rí ẹni tí ń lù ú, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Àwẹ̀ró ni èéfín ń bá jà. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀ ni ikọ́ rẹ̀ ń le sí i.

"Bàbá Àdìgún, èéfín yìí ò rọ́nà gbà jáde o."

"Yóò mọ́ ọ lára," ni ọkọ rẹ̀ fèsì. Áà, Ògúnrìndé!

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó jáde lọ kó èédú, ó sì fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà yọjú wo ọkọ́ tó wà nínú iná. Nígbà tí ó padà dé, kò gbọ́ ohùn ẹwìrì tí Àwẹ̀ró fi ń fín iná. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Àwẹ̀ró ti dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Láti ìgbà tí ó ti ṣubú ni àwọn ará oko ti ń kọjá níwájú ilé náà, ẹyọ ẹnì kan kò sì rí i. Ọkùnrin tí kò fẹ́ kí ojú kankan wo òun wá ń ké pe gbogbo àdúgbò: "Yéè! Ẹ gbà mí o! Ẹ wá wò ó o!" Wọ́n gbé obìnrin náà síta, wọ́n bu omi lù ú, wọ́n ń fẹ́ ẹ. Ó pẹ́ kí ó tó mí.

Ògúnrìndé sáré dé ọ̀dọ̀ Ìyá. "Ẹbọ wo ni kí n rú? Bí ẹ bá ní màlúù ni, n ó wá a."

Ìyá kò bú u. Ó bu omi fún un mu. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, "N kò ní ẹbọ tuntun fún ọ, ọmọ mi. Èyí tí mo yàn fún ọ kò tíì pé."

Ògúnrìndé délé, ó mú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ́ rẹ̀, ó ń fi wó ògiri, ó ń sunkún. Kí oòrùn tó wọ̀, iwájú àgbẹ̀dẹ ti ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Láti ìgbà náà ni àwọn ará oko tún ti ń yà. Wọ́n ń jókòó, wọ́n ń dá sí i, wọ́n sì ń ra ọkọ́. Alágbẹ̀dẹ àdúgbò kejì pàápàá yọjú. Ògúnrìndé wò ó títí, ó sì ti àpótí sí i kí ó jókòó. Iṣẹ́ pọ̀ débi pé ìlú mẹ́fà ní ń wá a wá. Ẹni tí ó rúbọ là, ẹni tí ó fojú di ẹbọ kábàámọ̀. Ògúnrìndé kan náà ni àwọn méjèèjì. Àwẹ̀ró yè, ṣùgbọ́n ikọ́ náà kò fi í sílẹ̀ títí ó fi darúgbó, kò sì lè fín iná mọ́.

Bí àlejò bá béèrè ìgbà tí wọn yóò parí iwájú ilé náà, Ògúnrìndé á máa lu irin rẹ̀ lọ. Àwẹ̀ró ni í dáhùn, bí ó bá wúkọ́ tán:

"A ti fi rúbọ. A kàn pẹ́ kí á tó rú u ni."